Lẹ́sìnnì Inú Ilé àti Òfin Ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Kò sí ẹni tí yóò ka àpilẹ̀kọ yìí tí kò mọ ohun tí à ń pè ní lẹ́sìnnì. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti jókòó nídìí rẹ̀ nígbà tí a wà ní ọmọdé. Púpọ̀ nínú wa ni ó sì ti fi owó rẹ̀ san owó ilé tàbí tọ́ ọmọ tirẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa bákan náà, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé kí olùkọ́ kan kó àwọn ọmọ mélòó kan jọ sí ilé ara rẹ̀, tàbí sí ilé òbí kan, lẹ́yìn àkókò ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní àkókò ìsinmi, kí ó máa kọ́ wọn papọ̀, kí ó sì máa gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí wọn. A kò sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ tí ó ń lọ bá ọmọ kan ṣoṣo nílé. Àdéhùn láàárín ẹni méjì ni ìyẹn. Àpéjọ àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ní Ṣàngó ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin rárá. Ojú ọ̀nà tí ó ti Mọ́kọ́lá lọ sí Yunifásítì ni àdúgbò náà wà. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wà ní iwájú. Pólì Ìbàdàn, tí ó gba orúkọ yìí ní 1970, wà ní ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà àwọn tí wọ́n lè kọ́ni kò wọ́n níbẹ̀, àwọn òbí tí wọ́n ń fẹ́ kí ọmọ wọn wọ ọ̀kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí kò sì wọ́n. Bí ọjà bá ti wà, tí olùrà sì wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á di kíláàsì.

Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa ni èyí: ǹjẹ́ òfin fi àyè gba iṣẹ́ yìí? Àwọn kan á ní kò sí òfin kankan lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ìjọba ti fi òfin dè é. Bí a bá tọ ìtàn lẹ́yìn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò gún. Láti 1882 ni òfin ẹ̀kọ́ ti wà ní ilẹ̀ wa, òfin kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́ ohun tí ó ń ba àwọn tí wọ́n ṣe é lẹ́rù. Ọ̀kan ń ṣọ́ owó ìjọba, ọ̀kan ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni, ọ̀kan ń ṣọ́ ẹni tí ó ń kọ́ni. A kò rí èyí tí ó dìídì wo àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olùkọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, òfin lórí òfin ti ká olùkọ́ náà mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣáájú ilé-ìwé

Kí á tó dé orí òfin, ó yẹ kí á rántí pé inú ilé ni ẹ̀kọ́ àkójọpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣáájú kí òyìnbó tó gbé Bíbélì dé ni àwọn ọmọ ti ń jókòó yí ààfáà ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, tí wọ́n gbé wàláà lé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń ké kéwú. Àwọn òbí ni wọ́n ń wo ìwà ààfáà náà kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Kò sí ìwé-àṣẹ, kò sì sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lọ́wọ́ àwọn oníhìnrere. Ní Badagry ní 1843, ìyá àti bàbá De Graft ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwé sílẹ̀, èyí tí àwọn onítàn ẹ̀kọ́ kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Nǹkan bí àádọ́ta ọmọ ni ó wà níbẹ̀, ọmọ àwọn tí wọ́n ti Sàró dé sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní Ìbàdàn, David Hinderer àti aya rẹ̀, Anna, dé láti máa gbé ní 1853. Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí. Kì í ṣe pé wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé-ìwé kí wọ́n tó wá ọmọ. Inú ilé Anna Hinderer gan-an ni àwọn ọmọ ń gbé, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n sì ti ń kọ́ ìwé. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí abẹ́ ìtọ́jú wọn. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìbàdàn mọ orúkọ àwọn ọmọ méjì yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Hinderer kò lè ṣe ohun tí ó ṣe láìgba àṣẹ àwọn olóyè Ìbàdàn. Ìyẹn ni pé àṣẹ wà, bí kò tilẹ̀ sí ìwé. Ohun tí àṣẹ náà dúró lé ni ojú: wọ́n mọ ilé náà, wọ́n mọ ẹni tí ó ni ín, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà béèrè ọmọ wọn. Èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti ka ìwé. Àwa olùkọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí, nítorí a ó padà dé ibẹ̀.

Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó kan ilẹ̀ wa ni èyí tí wọ́n ṣe ní 1882 fún Gold Coast àti Èkó pọ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso méjèèjì papọ̀. Nígbà tí Èkó dá dúró, wọ́n ṣe òfin tirẹ̀ fún un ní 1887. Àwọn òfin méjì yìí kò lépa ẹnikẹ́ni tí ó kó ọmọ jọ sí ilé rẹ̀. Owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ gba owó ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ kí alábẹ̀wò wọlé. Èyí tí kò bá fẹ́ owó, ọwọ́ ìjọba kò sí lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ́ ogún ọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ọlọ́wọ̀gbówó ní 1890, kò jẹ òfin ní gbèsè kankan.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó bá gbà ni ẹ̀kọ́ ń gbà. Nínú òfin 1882, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ san owó ìrànwọ́; èdè abínibí kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sanwó. Ẹni tí ó bá ń ṣe kàyéfì pé èé ṣe tí kò fi sí Yorùbá nínú lẹ́sìnnì lónìí, kí ó wá ìdí rẹ̀ lọ sí ibẹ̀ yẹn kí ó tó máa bú àwọn òbí.

Ní 1926 ni ohun gbogbo yí padà. Ìròyìn àwọn aṣojú Phelps-Stokes, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1922, ti bẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ni ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti kọ ìlànà tirẹ̀ jáde ní 1925. Ní àkókò yẹn, ilé-ìwé kéékèèké ti hù káàkiri gúúsù Nàìjíríà bí olú. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé díẹ̀, tí kò rí iṣẹ́ akọ̀wé, á ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sọ́tọ̀, á sì di tíṣà. Òfin 1926 ni ó dojú kọ wọn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilé-ìwé láìgba àṣẹ; ó ní kí gbogbo olùkọ́ forúkọ sílẹ̀; ó sì fún ìjọba ní agbára láti ti ilé-ìwé tí kò bá ṣe dáadáa.

Bí a bá wò ó fínnífínní, òfin yìí ni bàbá gbogbo òfin tí ó ti tẹ̀lé e. Ó so nǹkan méjì pọ̀: ilé àti ènìyàn. Lójú rẹ̀, ilé-ìwé ni ibi tí àwọn ọmọ ti ń péjọ déédéé láti gba ẹ̀kọ́. Ibi tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n ń kọ́, òfin náà yọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé-kéwú fi wà títí di òní láìwá ìwé-àṣẹ lọ sí ibikíbi, tí ẹni tí ó bá sì ń kọ́ni ní ìṣírò ní ojúlé kejì sí i yóò fi wà lábẹ́ òfin mìíràn. Ìrònú àwọn tí ó ṣe òfin náà ni pé ọmọ tí ó wà ní ìwájú tíṣà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní ilé-ìwé mìíràn. Wọn kò ronú kan ọmọ tí ó ti lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, tí ó tún ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí lẹ́sìnnì ti rí ọ̀nà yọ nìyẹn.

1955 àti ẹrù ìdánwò

Ní oṣù keje 1952, Olóyè S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 ní ọdún yẹn. Ìtàn yìí ti di àkọ́sórí fún àwa olùkọ́, a kò ní tún un sọ ní kíkún. Ohun tí ó kàn wá ni àbájáde rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ.

Ìjọba ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn gírámà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdánwò àṣewọlé ni ó dúró ní ẹnu ọ̀nà bí oníbodè. Òbí tí ó ti fi ọkàn balẹ̀ pé òun kò ní san owó ilé-ìwé mọ́ wá rí i pé ó yẹ kí òun san owó fún ẹni tí yóò mú ọmọ òun gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá. Ẹ̀kọ́ àfikún wá di ohun tí olùkọ́ kíláàsì kẹfà ń ṣe, ní ilé-ìwé ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò àṣewọlé ni ti ìwé mẹ́wàá lábẹ́ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952. Lẹ́yìn èyí ni JAMB dé ní 1978. Bí oníbodè ti ń pọ̀ sí i ni lẹ́sìnnì ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ láàárín ara wa: àwa tí à ń ṣe òǹdánwò náà ń pa kún ẹrù yìí. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé olùkọ́ lẹ́sìnnì òun ń yẹ ìwé ìdánwò wò ní Kéréṣì kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Èkó ní 1980

Ọdún kan wà tí òfin àti ẹ̀kọ́ aládàáni kọlu ara wọn ní gbangba. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 1980, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Alhaji Látéèfù Jákàǹdè kọ ìwé jáde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kò gbọdọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Ìdí tí wọ́n sọ kò ṣòro láti lóye: wọ́n fẹ́ kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jókòó lórí àga kan náà. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olúbùnmi Okogie àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn.

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1979 ni wọ́n fi jà. Ní abala 36, ìwé òfin náà fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ní ohunkóhun tí ó jẹ́ ọ̀nà ìtànkálẹ̀ ìmọ̀ àti èrò, kí ó dá a sílẹ̀, kí ó sì máa darí rẹ̀. Ìjọba ní ìwé ìròyìn àti irú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí. Ilé-ẹjọ́ ní rárá, ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọ̀nà ìtànkálẹ̀ ìmọ̀. Ìjọba ní abala 18 pàṣẹ pé kí àǹfààní ẹ̀kọ́ dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ilé-ẹjọ́ ní ìlépa ìjọba ni abala 18, kò lè borí ẹ̀tọ́ tí a ti kọ sílẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sì dúró.

Lójú tiwa, ìdájọ́ yìí ni òpó tí lẹ́sìnnì lè fẹ̀yìn tì. Bí ilé-ẹ̀kọ́ odindi bá jẹ́ ọ̀nà ìtànkálẹ̀ ìmọ̀, a kò rí bí ọmọ mẹ́jọ tí wọ́n ń kọ́ ìṣirò ní ilé ẹnì kan kò ṣe ní jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀tọ́ náà ṣì wà ní abala 39 nínú Ìwé Òfin ti 1999. Ṣùgbọ́n kí inú wa má dùn jù. Abala 45 nínú ìwé òfin kan náà ní ìjọba lè fi òfin dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò, ìlera, ìwà rere, tàbí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Fífòfin de lẹ́sìnnì pátápátá yóò ṣòro. Fífi ìlànà sí i kò ṣòro rárá.

Ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ní ọdún 1980 kan náà, ní oṣù keje, ìjọba ológun ilẹ̀ Korea ti Gúúsù fi òfin de ẹ̀kọ́ àfikún olówó ní gbogbo ilẹ̀ wọn. Ìdí kan náà ni wọ́n sọ: kí ọmọ olówó má baà fi owó ra ipò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́sìnnì wọ inú òkùnkùn, ó sì gbówó lórí sí i. Ní oṣù kẹrin 2000 ni ilé-ẹjọ́ òfin orílẹ̀-èdè wọn sọ pé òfin náà kò bófin mu, ó sì wọ́gi lé e. Ogún ọdún ni ó gbà wọ́n. Ní Èkó, kò tó ọdún kan. Ilẹ̀ India gba ọ̀nà mìíràn: òfin ẹ̀kọ́ wọn ti 2009 kò fọwọ́ kan lẹ́sìnnì fúnra rẹ̀, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ̀ fún láti ṣe é.

Ibi tí òfin ti ká olùkọ́ mọ́

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé. Òfin 16 ti 1985 gbé ìlànà kalẹ̀ lórí bí a ṣe ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé òkè. Ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ kan náà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán ní ilé rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń ṣe, orúkọ yòówù kí ó pè é. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ. Kì í ṣe lẹ́sìnnì mọ́. Ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi tí a rí ní Ṣàngó àti Bódìjà ni ó bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí ìyá kan ń bá àwọn aládùúgbò mú ọmọ dání, tí iye ọmọ ń pọ̀, títí pátákó fi dé ẹnu géètì.

Òfin tí ó kan wa jù ni Òfin 31 ti 1993, èyí tí ó dá Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Olùkọ́, TRCN, sílẹ̀. Òfin yìí kò wo ilé rárá. Ènìyàn ni ó ń wò. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó sì gba owó lé e. Kò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni iṣẹ́ náà ti ń jẹ́ iṣẹ́. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ òfin náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tí ó ń kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní físíìsì ní Ṣàngó láti fi rí owó oúnjẹ ti wà lábẹ́ rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ rí ẹni tí ó mú un. Èyí jẹ́ ìtumọ̀ tiwa. A kò mọ ẹjọ́ kankan tí ó ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ṣé olùkọ́ tí ó ti forúkọ sílẹ̀ wá bọ́? Ó kù díẹ̀. Àfikún Karùn-ún nínú Ìwé Òfin ti 1999, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ti 1979, ní òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú dídarí òwò tàbí iṣẹ́ aládàáni kankan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n yọ sílẹ̀ fún un ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń náwó sí sì wà lára àwọn tí ó kàn. Nítorí náà olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lè gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kí ó sì tà á. Bí ó bá kó ọmọ jọ sí iwájú ilé kan náà tí ó ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ wọn, ó ti rìn wọ ibi tí ó ṣókùnkùn. Àwọn kan á sọ pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe òwò. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, kí ó kọ́kọ́ wo pátákó tí ó kàn mọ́ ògiri rẹ̀, bóyá iye owó wà níbẹ̀.

A mọ ìdí tí àwọn olùkọ́ fi ń ṣe é. Owó oṣù tí kì í tó, tí ó tún ń pẹ́ kí ó tó dé, kì í ṣe ohun tí a lè fi òfin wò sàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dun àwọn òbí, tí wọ́n sì ń sọ fún wa, ni olùkọ́ tí ó ń fi ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì kí àwọn ọmọ lè wá ra ìdajì kejì ní ilé rẹ̀. Èyí ni àwọn ará India ń sá fún. Bí a kò bá fẹ́ irú òfin wọn, a ó wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi dáhùn àwọn òbí wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ pàṣán ńkọ́? Abala 295 nínú ìwé òfin ọ̀daràn, tí ó ti wà láti 1916, ní òbí lè fa àṣẹ ìbániwí lé ẹni tí ó fi ọmọ sí lọ́wọ́, olùkọ́ sì jẹ́ ẹni tí a gbà pé ó ní àṣẹ náà, bí ìbáwí náà kò bá ti kọjá ìwọ̀n. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì fi máa ń sọ pé òbí ni ó ní kí àwọn na ọmọ òun. Àmọ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, ní a kò gbọdọ̀ fi ìyà tí ó tàbùkù ọmọ jẹ ẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀gá àgbà wà, ìwé àkọsílẹ̀ ìjìyà wà, ojú olùkọ́ mìíràn wà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ nìkan ni ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, ilẹ̀ sì lè ti ṣú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọdébìnrin ní ilé àjèjì ju pàṣán lọ, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí TRCN tí ó lè rọ́pò ojú ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

Àlàfo náà àti èdè wa

Bí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní ìlú London bá fẹ́ kọ́ ọmọ wọn ní èdè wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òfin ilẹ̀ England sọ ibi tí ààlà wà fún wọn kedere. Ibi tí ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n tó ọjọ́ orí ẹ̀kọ́ bá ti ń gba ẹ̀kọ́ ní gbogbo àkókò, ilé-ẹ̀kọ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn ti 1996 wí. Kíláàsì ọjọ́ Àbámẹ́ta fún wákàtí méjì kò wọ inú èyí. Ní 2020, ìjọba wọn tún tẹ ìlànà jáde lórí bí a ṣe ń dáàbò bo ọmọ ní irú àwọn ibi wọ̀nyí: kí a yẹ ẹni tí yóò kọ́ni wò, kí nọ́ńbà àwọn òbí wà nílẹ̀, kí ẹnì kan wà tí ọmọ lè fẹjọ́ sùn. Wọn kò fi òfin dè é, wọn kò sì fi ojú fò ó dá.

Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni a rò pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nílò. Kò pọn dandan kí ó gùn. Iye ọmọ tí ó sọ lẹ́sìnnì di ohun tí a ń fi tó ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ létí. Aago tí ó gbọ́dọ̀ parí. Àlejò tí ó lè wọlé nígbàkigbà, ìyẹn òbí kankan nínú àwọn òbí. Ilẹ̀kùn tí kì í tì. A lè fi ọ̀rọ̀ òǹdánwò kún un, pé ẹni tí ó bá ń yẹ ìwé ìdánwò wò kò gbọdọ̀ kọ́ àwọn olùdánwò ọdún náà ní ilé rẹ̀ ní iṣẹ́ kan náà. Ẹgbẹ́ wa lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí láìdúró de ìjọba.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 1977 ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà náà. Ní oṣù kọkànlá 2025 ìjọba kan náà kéde pé òun ti wọ́gi lé e, pé kí Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀. Ní ìgbà méjèèjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ṣàngó kò yí ohunkóhun padà, nítorí kò tẹ̀lé ìlànà náà rí. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni òbí ń sanwó fún, gẹ́gẹ́ bí òfin 1882 ti kọ́ àwọn baba ńlá wọn.

Síbẹ̀ ibi tí òfin kò dé yìí kan náà ni ẹnikẹ́ni kò ti lè ní kí a má fi Yorùbá kọ́ni. Kò sí alábẹ̀wò tí yóò wọlé, kò sí ìwé ìlànà tí a ń tẹ̀lé. Bí olùkọ́ tí ó ní ọmọ méjìlá ní iwájú rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ṣàlàyé ìdá àti ìpín fún wọn ní èdè tí wọ́n fi ń ra àkàrà, àwọn tí yóò gbọ́ kò ju òbí wọn lọ. Nínú àwọn ilé lẹ́sìnnì tí a mọ̀ ní àgbègbè wa, méjì ni a ti rí tí wọ́n ń kọ́ ìṣirò báyìí, tí wọ́n sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún kíkà àti kíkọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Obìnrin tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó ń darí ọ̀kan. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, kì í sì ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́, nítorí náà Àfikún Karùn-ún kò kàn án. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ń kọ́ wọn, níbi tí gbogbo ẹni tí ó ń kọjá lọ ti ń rí wọn.